Ẹ̀yin Onífíìmù, Kí Ni Ìyàwó Bàbá Fi Ṣe Yín?

Inú ń bí mi, mi ò sì ní bò ó mọ́ra. Ẹ ṣí fíìmù Yorùbá lórí YouTube. Tí ìyàwó ilé bá ti kú níbẹ̀rẹ̀, ẹ ti mọ èyí tó kù. Ìyàwó tuntun á wọlé tòun ti èékánná gígùn, ọkọ á rìnrìn àjò, ìrẹsì á di ti ọmọ tiẹ̀, ẹ̀bà àná á di ti ọmọ ọkọ. Kí apá kejì tó jáde, ó ti wà níwájú babaláwo, ó ń wá májèlé. Láti ayé kásẹ́ẹ̀tì Ìdúmọ̀tà la ti ń wo ìranù yìí. Dátà la wá fi ń wò ó báyìí.

Ìyàwó bàbá ni mí, ní Ṣómólú. Ìyá àwọn ọmọ ọkọ mi ti di olóògbé kí n tó mọ bàbá wọn. Èmi ni mò ń di irun èyí obìnrin. Èmi ni mo jókòó tì í lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù rẹ̀, tí ẹ̀rù bà á. Ọmọ yìí kan náà ni mo gbé àmàlà àti ẹ̀fọ́ rírò fún láìpẹ́ yìí, tó ń wo abọ́, tó ní, "Mọ́mì, ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò." Ó ti lọ wo fíìmù nílé alájọgbé wa. Mo bu òkèlè, mo jẹ ẹ́ lójú ẹ̀, kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Ẹkún ni mo wọ yàrá lọ sun.

Tí mo bá wá bá a wí lójúde, àwọn ará àdúgbò á ní, "Ṣé òun ló bí i ni?" Ìyá tó bí ọmọ lè fi pàṣán bẹ́ ẹ, wọ́n á ní ó ń kọ́ ọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti bàbá. Bàbá inú fíìmù kì í mọ nǹkan kan! Bí kò bá sí l'Ábújá, wọ́n á ní wọ́n ti fi oògùn dè é. Ọmọ ń joro, ó ń wọ àkísà, bàbá tí wọ́n jọ ń gbé ò rí i. Níparí, á sunkún díẹ̀, ọmọ á dárí jì í, obìnrin á ya wèrè, á máa rìn hòòhò lọ́jà. Ta ló fẹ́ ẹ wálé? Ta ni ò bi ọmọ rẹ̀ bóyá ó ti jẹun? Ọkọ ìyá náà ò bọ́ lọ́wọ́ wọn: tí wọ́n bá ti gbé e dé, ọmọbìnrin inú ilé ló fẹ́ bà jẹ́.

Àwọn òyìnbó ò kúkú sàn jù wá lọ. Nínú ìwé àlọ́ tí àwọn Grimm, tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó ń kó àlọ́ jọ, kọ́kọ́ tẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1812, ìyá tó bí Snow White, ọmọbìnrin inú ọ̀kan lára àlọ́ náà, gan-an ló fẹ́ pa á. Nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ ní 1819, wọ́n gbé ẹ̀ṣẹ̀ ìyá ru ìyàwó bàbá. Bẹ́ẹ̀ ni Disney ṣe gbé e sí sinimá ní 1937. Kódà fíìmù Stepmom (ìyẹn Ìyàwó Bàbá) ti 1998, tí Julia Roberts àti Susan Sarandon ṣe, tó gbìyànjú díẹ̀, jẹjẹrẹ ní láti mú ìyá ọmọ kí àwọn obìnrin méjèèjì tó gba ara wọn.

Ìyàwó bàbá tó burú wà, mo mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n fíìmù ẹni tó san owó WAEC ọmọ ọkọ rẹ̀ dà? Ti ẹni tó sun orí bẹ́ǹṣì ọsibítù nítorí ọmọ tí kò bí ńkọ́? Irú wọn pọ̀ ní Ṣómólú, ní Muṣin, ní Bàrígà. Ẹ wá bi wọ́n. Títí ẹ ó fi ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní fi dátà mi wo fíìmù ìyàwó bàbá nínú ilé yìí mọ́.