Wọn Kò Pa Ẹlẹ́ṣin Ọba

Ẹ̀yin ará, láti ìgbà tí ẹgbẹ́ àṣà wa n'Íbàdàn ti jíròrò ìwé àti fíìmù ìpànìyàn ni wọ́n ti ń pín in kiri pé nínú fíìmù Ẹlẹ́ṣin Ọba, ńṣe ni àwọn ará Ọ̀yọ́ fi tipátipá pa ẹlẹ́ṣin kí ó lè bá ọba lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Nínú Death and the King's Horseman, eré tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1975, tí Bíyì Bándélé fi ṣe fíìmù ní 2022, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹlẹ́ṣin láti pa á. Pilkings, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, ló ní kí wọ́n mú un kí ó má bàa kú. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n mú un dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú nìyí: kí ẹnì kan gba ẹ̀mí ẹlòmíràn ni ìpànìyàn. Abọ́bakú bí ẹlẹ́ṣin yìí ní tirẹ̀ mọ ohun tó wà níwájú, ó sì ti jẹ ọlá oyè náà láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹrù ńlá ni, mi ò sọ pé ó dára. Ṣùgbọ́n eré yìí kò bèèrè ẹni tó pa á. Ohun tó mú un fà sẹ́yìn ló ń bèèrè. Nínú àtìmọ́lé, òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ fún Ìyálọ́jà pé ìfẹ́ ayé wà lára ohun tó dá òun dúró.

Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó ka ìran kẹrin àti ìkarùn-ún. Kí ó tún ka ọ̀rọ̀ àkọ́sọ òǹkọ̀wé.