Irọ́ Ni Pé Ẹni Ogójì Ọdún Kò Lè Kọ́ Àdìrẹ Mọ́

Bí ẹni tó ti lé lógójì ọdún bá ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ aró tó ti ń wu òun láti ìgbà èwe, òwe kan náà ni wọ́n máa ń pa fún un: kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ títọ́ ni òwe yẹn ń bá wí o, kò kan iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n á tún ní ọwọ́ rẹ̀ ti le, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ìran aláró nìkan ló sì mọ àṣírí ìkòkò aró. Àṣírí wo? Ewé ẹ̀lú tí wọ́n gún, tí wọ́n ṣù, tí wọ́n sá gbẹ, omi eérú tí wọ́n sẹ́, àti ọjọ́ mélòó kan kó fi kan. Ẹni tó bá ní sùúrù á mọ̀ ọ́n.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí jọ òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ lágbà máa ń jáwọ́. Aṣọ àkọ́kọ́ á ṣá, èkejì á rí bátabàta, wọ́n á ní ọjọ́ orí ló fà á. Aṣọ ọmọ ogún ọdún náà ń ṣá bẹ́ẹ̀.

Bí aṣọ yín bá ń ṣá, ara aṣọ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wá ohun tó fà á. Aṣọ funfun tuntun sábà máa ń ní sítáàṣì lára láti ilé iṣẹ́. Ẹ kán omi sí i. Bí omi náà bá dúró róbótó lórí rẹ̀ tí kò wọlé, aró náà kò ní wọlé. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ títí tí ẹ̀kán omi yóò fi máa wọlé lójú ẹsẹ̀. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ létí aṣọ náà, kí ẹ ṣáná sí i. Òwú gidi á jó di eérú, á máa rùn bí ìwé tó ń jó. Èyí tó bá yọ́ tó sì dì di kókó líle, pọlísítà wà nínú rẹ̀, ẹ má fi aró yín ṣòfò lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ wá kan inú abọ́, ibi tí wàhálà pọ̀ sí jù. Fún yáàdì 2 nínú omi lítà 4, ẹ lè fi ṣíbí ìjẹun 1 àwọ̀ oníyẹ̀fun tí wọ́n ń tà lọ́jà, ṣíbí 1 kọ́sítíìkì sódà àti ṣíbí 2 háídírò (ìyẹ̀fun kẹ́míkà sodium hydrosulphite) bẹ̀rẹ̀, kí ẹ dán an wò lára àkísà ná, torí àwọ̀ kan kò rí bí èkejì. Inú omi ni ẹ ó ti da sódà. Ẹni tó bá da omi sórí sódà, á hó ta sí i lójú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ sì bo ojú àti imú. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ̀mù, sódà á jẹ ẹ́. Abọ́ rọ́bà ló dára, kò sì gbọ́dọ̀ padà sí ilé ìdáná mọ́.

Háídírò ló ń lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú omi kí àwọ̀ lè yọ́ wọ inú òwú. Bí ọ̀rá rẹ̀ bá wà ní ṣíṣí lásìkò òjò, agbára rẹ̀ á tán, àwọ̀ á kàn lẹ̀ mọ́ orí aṣọ, á sì bá omi lọ nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí: bó bá jẹ́ aró búlúù lẹ pò, omi rẹ̀ tó dára kì í rí búlúù rárá. Bí ọbẹ̀ ewédú tó ti ń pọ́n díẹ̀ ló ń rí, pẹ̀lú awọ kan tó ń dán bí bàbà lórí rẹ̀. Àwọ̀ ewé ni aṣọ máa ń ní bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú rẹ̀. Ẹ nà án sínú afẹ́fẹ́, ẹ ó máa wò ó bó ṣe ń di búlúù láti etí wá sí àárín. Bí omi inú abọ́ bá ti búlúù, ẹ fi ìlàjì ṣíbí háídírò kún un, ẹ rò ó jẹ́jẹ́ kó má ṣe hó, ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú 10.

Ní ti kàmpálà tí a ń fi àbẹ́là ṣe, ẹ yí aṣọ padà wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí àbẹ́là kò bá hàn níbẹ̀, kò gbóná tó nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, aró á gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ẹ jẹ́ kí omi aró lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó ki aṣọ bọ̀ ọ́, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àbẹ́là á yọ́. Bí àbẹ́là bá gbiná lórí ààrò, ìdérí ni kí ẹ dé e. Ẹ má da omi sí i láé.

Lóòótọ́, ojú àgbà kì í rí abẹ́rẹ́ bíi tọmọdé. Ẹ lọ yẹ ojú wò, kí ẹ gba awò ìkàwé, kí ẹ gbé iná sí ẹ̀gbẹ́ òsì bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi ń rán. Ẹni tí oríkèé ìka ń ro, kó fi alábẹ́rẹ́ (àdìrẹ tí a ń fi abẹ́rẹ́ rán) àti oníko (èyí tí a ń fi ìko dì) sílẹ̀ ná, kó mú ẹlẹ́kọ, èyí tí a ń fi ẹ̀kọ kọ. Ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi álọ́ọ̀mù sè ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ìyẹn kò gba agbára kankan.

Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Ọ́stríà tó gbé Òṣogbo títí tó fi kú ní ọdún 2009, ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa kó tó dé Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1950. Níbí ló ti wá mọ ẹ̀kọ, tó sì fi kọ àwọn aṣọ ńláńlá. Ayàwòrán ni tẹ́lẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ lófo. Àmọ́ ẹ̀kọ láfún kò sí ní Ọ́stríà.

Àkókò ló ń há àgbà lọ́wọ́ ju ara lọ. Aṣọ dídì àti rírán lè jẹ́ ti alẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́. Rírẹ ẹ́ ni kò ṣeé pín, ẹ fi Sátidé sílẹ̀ fún un. Ẹ má torí rẹ̀ fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, ẹ má sì ra odidi búńdù aṣọ. Àwọ̀ mẹ́ta tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa kọ ìwọ̀n omi, oògùn àti àkókò sílẹ̀ fún aṣọ kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹ tó ta èyíkéyìí, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú àkísà funfun kan. Bí àkísà náà bá ṣì ń mú àwọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, kò tíì ṣeé tà.