Iṣẹ́ mẹkáníìkì fún ẹlẹ́wọ̀n: ẹ kọ́ wọn ní èyí tó ń lọ lóde

Èrò ọkàn mi rèé, ẹ̀yin ará. Inú mi máa ń dùn tí mo bá gbọ́ pé wọ́n dá kíláàsì mẹkáníìkì sílẹ̀ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ohun tí mo sì kọ́kọ́ máa ń fẹ́ mọ̀ ni irú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ wọn.

Ó rọrùn kí ọgbà ẹ̀wọ̀n gba ọkọ̀ tí ẹni tó ni ín fẹ́ gbé sọnù, kí wọ́n ní kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n máa tú kábúrétọ̀ rẹ̀ (ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ nínú ọkọ̀ àtijọ́), kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì dè é padà. Ọwọ́ á dí lóòótọ́. Àmọ́ ayé ti kúrò níbẹ̀. Láti ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan kí àwọn ọkọ̀ kéékèèké tuntun ní ètò OBD-II, ìyẹn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ tó ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì, tó sì ń fi kódù sọ ohun tó ń ṣe é. Yúróòpù ṣe tirẹ̀ ní 2001 fún ọkọ̀ tuntun tó ń lo bẹntiróòlù. Ihò kan wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni mẹkáníìkì ń ki skáànà, ẹ̀rọ tó ń ka kódù náà, bọ̀ kó tó fọwọ́ kan sípánà. Ẹni tó fi gbogbo ìgbà ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kọ́ kábúrétọ̀, tí kò di skáànà mú rí, ta ni yóò gbà á síṣẹ́?

Ẹ wò ó báyìí. Ọkọ̀ ń gbọ̀n, iná ẹ́ńjìnnì tàn, skáànà mú kódù P0301 jáde. Ohun tó ń sọ ni pé iná kò mú dáadáa nínú sìlíńdà kìíní. Kò sọ bóyá púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo ni, kọ́ìlì tó ń gbé iná fún púlọ́ọ̀gì ni, nọ́sù tó ń fọ́n epo ni, tàbí pé inú ẹ́ńjìnnì gan-an ló ti bàjẹ́. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ á ní kí olówó ọkọ̀ lọ ra gbogbo rẹ̀ wá. Ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa á yọ kọ́ìlì sìlíńdà kìíní, á gbé e sórí ìkejì, á gbé ti ìkejì sórí ìkíní, á pa kódù rẹ́, á tún tan ọkọ̀. Bí kódù bá di P0302, ìyẹn sìlíńdà kejì, kọ́ìlì ló bàjẹ́. Bó bá ṣì jẹ́ P0301, kó fi kọ́ìlì sílẹ̀, kó lọ wo púlọ́ọ̀gì. Kò náni lówó kankan. Sùúrù àti làákàyè ló gbà. Irú ìrònú yìí gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n máa kọ́ lójoojúmọ́, torí ẹni tó bá ní in, ọkọ̀ ọ̀la kò ní lé e kúrò nídìí iṣẹ́, títí dórí àwọn tó ń lo iná mànàmáná, tí wáyà aláwọ̀ ọsàn inú wọn ń gbé iná tó lè pa èèyàn.

Ohun kan wà tí ọgbà ẹ̀wọ̀n mọ̀ ọ́n ṣe ju ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì lọ: kíka irinṣẹ́. Wọ́n máa ń ya àwòrán sípánà kọ̀ọ̀kan sára pátákó, kí èyí tí kò bá padà sáyè rẹ̀ lè hàn kedere, ẹnikẹ́ni kì í sì í jáde títí irinṣẹ́ á fi pé. Nítorí ààbò ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tí èyí ti mọ́ lára kò ní gbàgbé sọ́kẹ́ẹ̀tì sínú ẹ́ńjìnnì oníbàárà.

Mo mọ̀ pé ó ń bí àwọn kan nínú. Wọ́n á ní ọmọ tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni ń sanwó kọ́ṣẹ́, ẹlẹ́wọ̀n ń kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. N kò ní fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré, pàápàá tó bá jẹ́ pé ẹni tí wọ́n ṣe níbi ló ń sọ ọ́. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló máa padà wá bá wa gbé. Nígbà tí RAND, àjọ olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà, kó àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe ní Amẹ́ríkà jọ ní 2013, wọ́n rí i pé nínú 100 èèyàn tó kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́wọ̀n, iye àwọn tó tún padà sẹ́wọ̀n fi bíi 13 dín sí ti àwọn tí kò kọ́ nǹkan kan. Dọ́là kan tí ìjọba ná sórí ẹ̀kọ́ náà gba dọ́là mẹ́rin sí márùn-ún sílẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta.

Ìlànà Nelson Mandela lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa ṣe sí ẹlẹ́wọ̀n, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2015, ní kí wọ́n kọ́ ẹlẹ́wọ̀n níṣẹ́ tó wúlò, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ (ìlànà 98), kí iṣẹ́ inú ẹ̀wọ̀n sì jọ ti ìta dé ibi tó bá ṣeé ṣe dé (ìlànà 99). Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwé ẹ̀rí náà gbọ́dọ̀ jọ ti ìta. Àjọ tó ń dán àwọn mẹkáníìkì yòókù wò ni kó dán wọn wò, kí orúkọ ọgbà ẹ̀wọ̀n má sì sí lórí ìwé náà rárá. Bí wọn kò bá lè fún wọn ní íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n gbé ìwé àtúnṣe ọkọ̀ sórí kọ̀ǹpútà tí kò so mọ́ ìta, torí kò sẹ́ni tó lè há wáyà gbogbo ọkọ̀ sórí.

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ lọ bá àwọn aláṣẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n, ẹ sọ ohun tí ẹ ń wá lára ọmọ iṣẹ́ fún wọn kí wọ́n tó kọ ètò ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin aláṣẹ náà, ìlànà 103 ti sọ pé kí ẹ máa ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó iṣẹ́ ẹlẹ́wọ̀n, kí ẹ kó o fún un lọ́jọ́ tó bá ń jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣe é. Ó máa nílò rẹ̀ láti fi ra àpótí irinṣẹ́ tirẹ̀.