Ẹnu Ọ̀gá, Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọmọọṣẹ́

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí a bá ń pa òwe yìí, ẹnu la sábà máa ń dojú ọ̀rọ̀ kọ. A ó ní kí onítọ̀hún pa á mọ́, ó tán. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni èmi fẹ́ ká wò. Kí ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe ná? Kò sọ̀rọ̀, kò bú ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, nígbà tí ìgbájú bá dé, kò sẹ́ni tó ń wá ètè kiri. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gbá. Òwe náà ò kúkú sọ pé ẹlẹ́nu ló máa jẹ̀bi ẹnu rẹ̀. Ó ní ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká mú un dé Ìtokú, níbí nílùú Abẹ́òkúta. Àdìrẹ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀, ọwọ́ tó ti kọjá lára rẹ̀ pọ̀: ẹni tó fi ìko di í tàbí tó fi ẹ̀kọ ya iṣẹ́ sí i, aláró tó ń rì í bọ inú ìkòkò, ẹni tó sá a, ẹni tó lù ú títí tó fi dán, télọ̀, ọlọ́kadà tó gbé e lọ sí gáréèjì kó lè dé ọwọ́ oníbàárà l'Ékòó. Àmọ́ orúkọ ẹnì kan ló wà lára ọ̀rá tí wọ́n dì í sí, ẹni náà ló sì ní fóònù tí wọ́n fi ń polówó lórí Facebook. Ká ní oníbàárà kan wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, aró ara aṣọ tí mo rà lọ́wọ́ yín ń ṣí o." Ká ní ìyá oníṣọ́ọ̀bù ti bínú jí lọ́jọ́ náà, ó wá gbé fóònù sókè níṣojú ọ̀pọ̀ èèyàn: "Aláìmọṣọ! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò lówó lọ́wọ́, ẹ lọ ra ti Ṣáínà!" Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti gé fídíò yẹn kúrú, ó ti dé orí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ ilé ìwé, ó ti dé ti ìjọ, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ kó aṣọ ẹbí. Àwọn aláṣọ ẹbí yí orí padà. Aláró tí kò ní fóònù tó ń wo fídíò, tí kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni bú ẹnikẹ́ni, ló máa jókòó ti ìkòkò rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn láìríṣẹ́ ṣe.

Lókè òkun, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ débi pé a lè ka orúkọ. Bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní páńkàrá, wọn á bá a fi kólẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tí òwe yìí bá mu bíi Gerald Ratner, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ta òrùka àti yẹtí. Bàbá rẹ̀ ló dá òwò náà sílẹ̀, òun ló sọ ọ́ di ńlá. Ní oṣù kẹrin ọdún 1991, níwájú àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó pé jọ sí Royal Albert Hall ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fẹ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn èèyàn máa ń bi òun bí òun ṣe ń rí ìgò ọtí, ife mẹ́fà àti àwo tí wọ́n fi ń gbé e tà ní pọ́n-ùn 4.95 péré. Ó ní ìdí ni pé pàǹtírí gbáà ni. Ó tún ní yẹtí kan wà ní ṣọ́ọ̀bù òun tí owó rẹ̀ ò tó ti búrẹ́dì tí wọ́n fi edé sí, àmọ́ ó ṣeé ṣe kí búrẹ́dì náà pẹ́ jù ú lọ. Àwọn ọ̀gá rẹ́rìn-ín dáadáa. Àwọn oníwèé ìròyìn gbé e, ayé sì bá a fi kólẹ̀ lóòótọ́: nǹkan bí mílíọ̀nù 500 pọ́n-ùn ló já kúrò lára iye tí ilé iṣẹ́ náà tó. Ó fipò sílẹ̀ lọ́dún 1992. Lọ́dún 1993 wọ́n pa orúkọ Ratner tì, wọ́n ń jẹ́ Signet. Èyí tó ń dùn mí jù níbẹ̀ kì í ṣe owó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á ti tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀, á ti lọ ra yẹtí níbẹ̀ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Àwàdà ọ̀gá ti sọ ẹ̀bùn rẹ̀ di ẹ̀rín.

Ti John Schnatter, tó dá ilé iṣẹ́ pizza Papa John's sílẹ̀ lọ́dún 1984 l'Amẹ́ríkà, yàtọ̀ díẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe pizza náà, àwòrán ojú rẹ̀ ló wà lára páálí. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn èèyàn ló fi owó ara wọn ṣí i, tí wọ́n ń sanwó nítorí orúkọ. Lọ́dún 2018 ó hàn pé ó lo ọ̀rọ̀ èébú tí wọ́n fi ń tàbùkù aláwọ̀ dúdú nígbà tó ń bá àwọn kan ṣèpàdé lórí fóònù. Ó kúrò nípò alága, wọ́n yọ àwòrán rẹ̀ kúrò nínú ìpolówó, ọjà sì rẹlẹ̀ débi pé ilé iṣẹ́ ní láti ran àwọn oníṣọ́ọ̀bù wọ̀nyẹn lọ́wọ́. Ẹni tó ń gbé pizza sínú ààrò ní ìlú kékeré kan ò sí níbi ìpàdé o.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí Elon Musk, nítorí mo mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ lẹ ti ń retí. (Ká má purọ́ mọ́ ìtàn: Martin Eberhard àti Marc Tarpenning ló dá Tesla, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ oníná, sílẹ̀ lọ́dún 2003, ọdún tó tẹ̀ lé e ni Musk gbé owó wọlé. Àmọ́ òun layé mọ̀.) Òrofó bímọ mẹ́fà, ó ní ilé òun kún ṣọ́ṣọ́, ọmọ aráyé gbọ́, wọ́n lọ ká a mọ́lé. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2018, Musk kọ ọ́ sórí Twitter pé òun ń gbèrò láti gba Tesla kúrò lọ́jà ìpín ìdókòwò ní dọ́là 420 fún ìpín kan, pé owó rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Àwọn aláṣẹ tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò l'Amẹ́ríkà ní ọ̀rọ̀ náà ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Nígbà tí wọ́n yanjú rẹ̀, Musk san mílíọ̀nù 20 dọ́là, ó sì fi ipò alága sílẹ̀. Tesla náà san mílíọ̀nù 20 dọ́là tirẹ̀. Ẹ tún ìyẹn gbọ́: ilé iṣẹ́ tí kò tẹ lẹ́tà kan ló san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá ń wá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń bẹ níbẹ̀ yẹn.

Kò sinmi lẹ́yìn ìyẹn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ó bú àwọn tó kó ìpolówó wọn kúrò lórí X (Twitter àtijọ́, tó ti di tirẹ̀), lórí ìtàgé ní New York, lédè tí mi ò ní kọ síbí. Nígbà tó di ọdún 2025, tó ti wọ inú òṣèlú Amẹ́ríkà gan-an, àwọn èèyàn ń fẹ̀hónú hàn níwájú ibi tí wọ́n ti ń ta Tesla, àwọn míì ń ba ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ jẹ́. Àwọn kan tó ti ra ọkọ̀ tipẹ́ lẹ ìwé mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ pé àwọn ti rà á kí àwọn tó mọ ìwà rẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún yẹn, ọkọ̀ 336,681 ni Tesla kó fún oníbàárà. Lọ́dún tó ṣáájú, ní àkókò kan náà, 386,810 ni. Kì í ṣe ẹnu nìkan ló fà á. Wọ́n ń tún ọkọ̀ wọn tó ń jẹ́ Model Y ṣe lásìkò náà, àwọn ará Ṣáínà sì ń bá wọn dupò. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi pé ẹnu ò sí níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní ẹnu la fi ń tajà, ẹni tí kò bá lè pariwo, kó kó igbá rẹ̀ nílẹ̀ ní Ìtokú. Òótọ́ ni, ẹnu ló kọ́kọ́ mú kí àwọn ọ̀gá wọ̀nyí di olókìkí. Ẹ tún máa ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Fún ọba, bẹ́ẹ̀ ni. Ọba ní ìlú tó máa bá a kọ́ òmíràn. Musk ṣì wà lára àwọn tó lówó jù láyé. Ìwọ tí o ń san owó ṣọ́ọ̀bù ní Pánsẹ́kẹ́, tí o jẹ aláró ní gbèsè, ta ló máa bá ẹ kọ́ tìrẹ?

Ẹlòmíì á ní òótọ́ lòun sọ. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé òótọ́ wà nínú ohun tí Jack Ma, oníṣòwò ńlá ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, sọ ní Shanghai ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 2020, pé àwọn báńkì Ṣáínà ń ronú bí ilé tí wọ́n ti ń fi nǹkan dógò. Ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá, àwọn aláṣẹ dá títa ìpín ìdókòwò Ant Group, ilé iṣẹ́ ìnáwó tí Ma dá sílẹ̀, dúró, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kó bẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ń fọkàn ka owó tó máa kàn wọ́n ò bá báńkì kankan jà.

Ohun tó ń dà wá láàmú ní tiwa ni pé ọ̀nà ti yá jù. Abẹ́òkúta níbí ni Henry Townsend, míṣọ́nnárì kan, ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Yorùbá tó ń jẹ́ Ìwé Ìròyìn lọ́dún 1859, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń jáde. Wọn á to lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó di ohun tí ẹnikẹ́ni máa kà. Bí inú bá ń bí ẹ lọ́jọ́ Ajé, ìbínú náà á ti rọ̀ kí ọ̀rọ̀ rẹ tó dé ọwọ́ ará Aké. Lónìí, ọ̀rọ̀ máa ń dé Adátán kí ìbínú tó tán lójú ẹni tó sọ ọ́.

Nínú àdéhùn ọdún 2018 yẹn, wọ́n ní kí Tesla máa yẹ ọ̀rọ̀ Musk tó bá kan ilé iṣẹ́ wò kó tó jáde. Oníṣòwò Ìtokú ò ní lọ́yà tó máa ṣe ìyẹn fún un, àmọ́ ó ní aláró, ó ní télọ̀. Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá bí yín nínú, tẹ́ ẹ ti kọ èsì tó gbóná, ẹ má tẹ̀ ẹ́ síta. Ẹ pe aláró, ẹ kà á sí i létí, kẹ́ ẹ sì bi í pé, "Ẹ gbà kí n sọ báyìí?" Ó ṣeé ṣe kó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, á bi yín pé ṣé ẹ ti wo aṣọ tí wọ́n ní ó ń ṣí yẹn. Ẹ ní kí oníbàárà dá a padà, ẹ rì í sínú omi lójú aláró. Bó bá ṣí lóòótọ́, ẹ tún un rẹ láró fún un, kẹ́ ẹ sì fi owó ọkọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́.