Ẹni Tí Àmì Rẹ̀ Kéré Kì Í Ṣe Òpè

Nígbàkígbà tí ẹni tí àmì Elo rẹ̀ (iye tí a fi ń wọn bí ẹnìkan ṣe mọ ọ́n ta tó) kéré bá na ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ nínú ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì, ohun tí àwa òǹwòran kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé kí ló ṣe ọ̀ta, bóyá ara rẹ̀ kò yá ni àbí oorun ló ń kùn ún. Ìbéèrè yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, nínú ìdíje Qatar Masters, Alisher Suleymenov ará Kazakhstan, tí àmì rẹ̀ jẹ́ 2512, ta títí Magnus Carlsen, ẹni tó wà ní ipò kìíní lágbàáyé nígbà náà, tó ní 2839, fi túúbá. Aago tí Suleymenov wọ̀ sọ́wọ́, èyí tí Carlsen ní kò jẹ́ kí òun pọkàn pọ̀, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé kiri lẹ́yìn náà, bẹ́ẹ̀ Carlsen fúnra rẹ̀ sọ gbangba pé òun kò fẹ̀sùn ìrẹ́jẹ kàn án, pé ọmọkùnrin náà ta á dáadáa, ó sì yẹ kó borí.

Ìṣirò Elo pàápàá, tí FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, ti ń lò láti ọdún 1970, kò sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi 327 jù, bí Carlsen ṣe fi ju Suleymenov, ṣì ń retí máàkì bíi 13 nínú eré 100, bí a bá ka ọ̀mì kọ̀ọ̀kan sí ìdajì. (Ta ni yóò rí 13 tí yóò pè é ní òdo?)

Lójú tèmi, ẹni tó kéré gan-an ni àmì yìí ń pa lára jù. Wọ́n pín mi mọ́ ẹnìkan rí tó fi bí 400 jù mí lọ. Mo ti gba ẹṣin kan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó ku ogún ìṣẹ́jú lórí aago mi, tirẹ̀ kò sì ju mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ lára ògiri ni mò ń rí, kì í ṣe pátákó tó wà níwájú mi. Mo bá ní ká ta ọ̀mì. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú tèmi kí n tó sọ ọ́ tán. Nígbà tí a jáde, ó tún àwọn ọmọ náà tò, ó sì rọra fi bí ǹ bá ṣe pa òun hàn mí. Kò gbà ju kí n sún ọmọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ.