Owó tí wọ́n ná lọ́jọ́ ọdún kọ́ ni owó tó wọ ìlú

Bí ọdún ìlú bá ti parí, ìṣirò tó máa ń tẹ̀ lé e kò ju ọ̀nà kan lọ: èèyàn 5,000 wá, ẹnì kọ̀ọ̀kan ná 20,000 náírà, 100,000,000 náírà ti wọ ìlú nìyẹn. Láti Kàbà dé Mọ́pà, ní ilẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, àwọn ìgbìmọ̀ ọdún fẹ́ràn ìṣirò yìí, pàápàá bí wọ́n bá fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba fún ìrànlọ́wọ́. Ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ tọ̀nà. Ohun tí wọ́n ń kà ni kò tọ̀nà.

Ẹ kọ́kọ́ yọ owó ará ilé kúrò. Ìyá tó ń gbé Ògìdì, ìlú kan ní ilẹ̀ Òkun kan náà, tó ra ẹran lọ́jọ́ ọdún, ì bá fi owó yẹn ra nǹkan mìíràn lọ́jà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Owó kàn ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn ni. Ọmọ ìlú tó wá láti Èkó tàbí Àbújá ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ó sún ìrìn àjò Kérésì rẹ̀ síwájú ni, ẹ má kà á. Ẹni tí kò ní wá rárá ká ní kò sí ọdún, òun lẹ ó kà. Bí òtẹ́ẹ̀lì ní Kàbà bá sì ni àlejò Ògìdì sùn, ti Kàbà ni owó yàrá.

Ó wá ku ibi tí owó àlejò ń gbà jáde. Ká ní wọ́n ta ìgò ọtí kan ní 1,000 náírà, tí ẹni tó tà á rà á ní 800 lọ́wọ́ ẹni tó kó o wá láti ìta: 200 ló kù, kò sì tíì ra yìnyín, kò tíì ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Ankara tí wọ́n fi ṣe aṣọ ọdún kì í ṣe iṣẹ́ ìlú. Owó ìránṣọ nìkan ló dúró, ìyẹn bí télọ̀ bá jẹ́ ará ibẹ̀. Olórin tí wọ́n fi mọ́tò gbé wá ti gba owó rẹ̀ kó tó gun orí ìtàgé, ó sì ti wà lójú ọ̀nà kílẹ̀ tó mọ́. Àwọn onílù ìlú, àwọn oníjó, àwọn ìyá tó ń lé orin, tó jẹ́ pé nítorí wọn gan-an ni wọ́n ṣe ń pè é ní ọdún? Oúnjẹ àti ọtí ni wọ́n ń rí gbà, bóyá owó díẹ̀ tí wọ́n bá ná lé wọn lórí. Lójú tiwa, ibi tó yẹ kó dùn wá jù nìyí.

Àwọn kan á ní owó máa ń yí po títí á fi di ìlọ́po mẹ́ta. Kó tó lè rí bẹ́ẹ̀, nínú náírà mẹ́ta tó bá wọlé, méjì gbọ́dọ̀ tún bọ́ sọ́wọ́ ará ìlú fún ohun tí wọ́n ṣe nílùú, kó sì máa rí bẹ́ẹ̀ léraléra. Bó bá jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún ló ń dúró, 100 á bí 20, 20 á bí 4, lẹ́yìn náà kọ́bọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ 125. Ìlú tó ń ra ọṣẹ, ṣúgà, ọtí àti aṣọ láti ìta, níbo ni yóò ti rí ìlọ́po mẹ́ta?

Iṣu tí wọ́n gbìn nílùú yàtọ̀. Aṣọ kíjìpá náà yàtọ̀, èyí tí àwọn obìnrin ń hun lórí òfì tó dúró nàró. Owó òwú lè jáde, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ kò lọ síbì kankan. Ògìdì tí Nike Davies-Okundaye, gbajúgbajà oníṣẹ́ ọnà àdìrẹ, ti wá kò ṣàjèjì sí iṣẹ́ yìí. Kí ló wá dé tí ìgbìmọ̀ fi ń padà sídìí ankara? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré sí ọdún ni wọ́n ń kéde aṣọ, kò sì sí ahunṣọ tó lè hun igba aṣọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ mú àwọ̀ àti bátànì ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ẹ san owó òwú sílẹ̀, kí wọ́n ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí òwú tí wọ́n rẹ lákòókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kì í bára mu, ìyàtọ̀ á sì hàn gbangba bí ẹgbẹ́ bá tò lórí pápá. Bí kò bá sí àsansílẹ̀, àwìn ni ahunṣọ á gba òwú, olówùú á fowó lé e, èrè ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ìgbìmọ̀ tó bá fẹ́ òǹkà gidi, kó fi èèyàn sí ojú ọ̀nà tó jáde ní ìlú nígbà tí àlejò bá ń padà lọ, torí ẹni tó ń bọ̀ kò tíì mọ ohun tí yóò ná. Ẹnì kan nínú mẹ́wàá ni kí wọ́n dá dúró, ẹni tó bá bọ́ sí i. Bí wọ́n bá lọ bá àwọn ọlọ́lá lábẹ́ kánópì nìkan, iye yóò ga ju òótọ́ lọ. Níbo lo ti wá? Ṣé o máa wá bí kò bá sí ọdún? Níbo lo sùn? Ta lo san owó fún? Owó tí wọ́n dá lọ́jọ́ ọdún fún iṣẹ́ ìlú, ìwé tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni, iye tó sì ti wọ àkáǹtì lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni kí wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe iye tí wọ́n kéde lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn.