Ẹ Fi Pontiac Mi Sílẹ̀

Láti ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni inú ti ń bí mi. Mo ti ní n kò ní sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ lọ́jọ́ tó ti pẹ́ mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá dùn mí, àfi kí n tú u síta kí n tó lè sùn.

Àbúrò mi obìnrin fẹ́ ra ọkọ̀. Ó ti ń tọ́jú owó bọ̀ láti èṣí, ó yá díẹ̀ kún un lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbi iṣẹ́ wọn, ó wá rí Pontiac Vibe kan, ti ọdún 2006, tokunbọ̀, tí ara rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó gbé fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp ẹbí wa pé kí á bá òun wò ó. Yéè! Àfi bí ẹni pé pósí ló ní òun fẹ́ rà. "Ọkọ̀ Amẹ́ríkà kẹ̀?" "Àwọn tó ń ṣe é ti kógbá sílé, ṣé o ò mọ̀ ni?" "Ibo lo ti máa rí páàtì ẹ̀?" "Ta ló máa rà á lọ́wọ́ ẹ lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ tà á?" Bọ̀ọ̀dá wa àgbà, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún, tí n kì í já lóhùn, ló wá dé e ládé: "Corolla ni kó o rà. Ọkọ̀ Japan lọkọ̀. Má wo ti ẹ̀gbọ́n ẹ yẹn, àìlówó ló gbé e dé ìdí Pontiac."

Èmi ni ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń wí o.

Kì í ṣe àìlówó. Lọ́dún 2018 tí mo ra ọkọ̀ yìí, owó Corolla wà lọ́wọ́ mi. Corolla àti Vibe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbi tí wọ́n ti ń tà wọ́n, ti ọdún 2005 làwọn méjèèjì, Vibe sì fi owó tó jọjú dín sí Corolla. Oúnjẹ òde ni mò ń sè. Mo ní kí wọ́n ṣí bùútù méjèèjì kí n wò ó. Kúlà ńlá mẹ́ta kò lè wọ bùútù Corolla yẹn. Ti Vibe, bí ẹ bá ti tẹ ìjókòó ẹ̀yìn lulẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Kì í ṣe kápẹ́ẹ̀tì ló wà nílẹ̀ ibẹ̀, rọ́bà líle ni. Bí ọbẹ̀ bá dà sí i, omi àti ọṣẹ ti parí ẹ̀. Ìjókòó iwájú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ náà ń dojú bolẹ̀, débi pé ọmọrógùn wa tó gùn jù lọ ń sùn gbalaja láti ẹ̀yìn dé iwájú. Ihò iná kan tún wà lára dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lò nínú ilé ní Amẹ́ríkà, ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ méjì, 115 volt. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ti ń fi iná sí fóònù wọn bí a bá ń lọ sóde. Ìdí tí mo fi rà á nìyẹn. Owó tó ṣẹ́kù, ìkòkò ńlá méjì àti sítóòfù ẹlẹ́gáàsì ni mo fi rà, iṣẹ́ ni mo sì ń fi wọ́n ṣe títí dòní.

Bí ẹ bá wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Pontiac mi, Toyota lẹ máa bá níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE ni, lítà 1.8, òun náà ló wà nínú Corolla tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti ti 2003 dé ti 2008. Ọdún 1984 ni General Motors, tó ni orúkọ Pontiac, àti Toyota jọ ṣí iléeṣẹ́ kan ní Fremont, ní California, tí wọ́n pè ní NUMMI. General Motors fẹ́ mọ bí Toyota ṣe ń ṣe ọkọ̀ kéékèèké, Toyota fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń bá òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe Corolla, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Vibe ní 2002. Toyota Matrix tí gbogbo yín ń gbé gẹ̀gẹ̀, ìbejì Vibe ni. Ìlú Cambridge ní Kánádà ni wọ́n ti ń ṣe tiẹ̀. Àní wọ́n kó Vibe láti Fremont lọ sí Japan fúnra ẹ̀, wọ́n gbé sìtíárìn rẹ̀ sápá ọ̀tún, wọ́n lẹ orúkọ Toyota Voltz mọ́ ọn, wọ́n sì ń tà á fún àwọn ará Japan láti 2002 títí di 2004. Nígbà tí gbèsè wọ General Motors lọ́rùn ní 2009 ni wọ́n pa orúkọ Pontiac rẹ́. Ọdún kejì ni NUMMI ti ilẹ̀kùn, Tesla ra ọgbà náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe ọkọ̀ oníná wọn báyìí. Orúkọ ni wọ́n pa o, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ sílé Bọ̀ọ̀dá. Kì í ṣe torí àtijà, mo gbé ẹ̀fọ́ rírò lọ fún wọn. Nígbà tí wọ́n ń sìn mí jáde, mo dúró níwájú Corolla wọn, níbi tí nọ́ńbà ṣáńsí wà lábẹ́ gíláàsì lápá òsì, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wá bá mi ka eléyìí." 1NX ló fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "J ni ọkọ̀ tí wọ́n bá ṣe ní Japan fi máa ń bẹ̀rẹ̀, sà. 1 yìí, Amẹ́ríkà ni. 1NX yìí, Fremont ni, inú ọgbà kan náà tí Pontiac mi ti jáde." Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìka nu eruku ojú gíláàsì, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Toyota ṣáà ni wọ́n kọ sí i nídìí." N kò mọ ohun tí mo lè fi fèsì ìyẹn. Mo kúnlẹ̀, mo ní ó dàárọ̀, sà.

Ẹbí tiẹ̀ tún dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ ẹni tó ń ta páàtì lọ́dún tó kọjá.

Ṣọ́ọ̀kì iwájú ọkọ̀ mi ti kú. Bí mo bá kó kúlà, tí mo sì wọ kòtò, gbàm! ló máa dún, gbogbo ìdérí á ta. Mẹkáníìkì mi ní kí n lọ ra méjèèjì, ó fi ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan tẹ̀lé mi. A dé ọjà, mo ní kí ọmọ náà dúró ti ọkọ̀, mo dá wọ ṣọ́ọ̀bù kan lọ. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kí mi dáadáa, ó fún mi ní àga. "Ọkọ̀ wo ni, mọ́mì?" Mo ní Pontiac Vibe, 2005. Bó ṣe gbọ́ Pontiac, ojú ẹ̀ yí padà. Ó mí kanlẹ̀. "Háà, Pontiac. Páàtì ẹ̀ ò wọ́pọ̀ o. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá orí yín á bá yín ṣe é."

Ó rán ọmọ kan lọ sí ẹ̀yìn. A dúró fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ọmọ yẹn gbé ṣọ́ọ̀kì méjì dé nínú ọ̀rá búlúù tí wọ́n fi okùn ewéko ta ní kókó méjì. Ó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́fà náírà, òun ò lè yọ kọ́bọ̀ nínú ẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n wò ó. Mo yí ọ̀kan padà lọ́wọ́ mi, mo sì rí i lára irin dúdú náà, wọ́n ti fi máàkà funfun kọ ọ́: MATRIX 03. Ẹsẹ̀ X yẹn ti pa rẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà.

N kò sọ nǹkan kan. Mo ní mò ń bọ̀, mo fẹ́ gba owó. Mo padà síbi ọkọ̀, mo sọ fún ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì pé, "Lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn, ní ṣọ́ọ̀kì iwájú Matrix 2005 lo fẹ́. Má dárúkọ mi." Kò pẹ́ tó wákàtí kan tí ọmọ yẹn fi dé. Wọ́n pè é ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin, ó ná an, wọ́n fún un ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin. Ó gbé e sílẹ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rá búlúù, okùn ewéko, kókó méjì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ogójì ẹgbẹ̀rún náírà ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi nítorí orúkọ. N kì í ṣe oníjàgídíjàgan, ṣùgbọ́n mo padà síbẹ̀. Mo gbé ọ̀rá náà ka iwájú ẹ̀, mo ní kó ṣàlàyé fún mi. Kò tiẹ̀ jiyàn. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Pontiac kì í sábà mọ̀ ni."

Gbólóhùn yẹn ló dùn mí ju owó lọ. Ó túmọ̀ sí pé ó ti mọ̀, tipẹ́tipẹ́, pé Toyota ni. Àwọn mẹkáníìkì mọ̀. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ mọ̀, torí àwọn kan nínú wọn a máa sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ rà pé "Toyota ni inú ẹ̀", wọ́n á sì tún sọ fún ẹni tó bá fẹ́ tà pé "Pontiac ni, kò lówó lórí." Ọkọ̀ kan náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gba owó lọ́wọ́ rẹ, ó di Toyota. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fún ọ lówó, ó di ọkọ̀ tí iléeṣẹ́ rẹ̀ ti kú. Báwo ni orúkọ ẹni tó dáa ṣe fẹ́ dìde nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa wá sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí láti sọ fún mi pé 1ZZ àtijọ́ ń jẹ ọ́ìlì bó bá ti dàgbà. Bẹ́ẹ̀ ni, ti Corolla náà ń jẹ ẹ́. Ẹ máa fa géèjì yọ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fi èmi sílẹ̀.

Nígbà tí mo kọ̀wé débí yìí lánàá, inú mi dùn, mo fẹ́ gbé e síta, mo fẹ́ kí àbúrò mi fi han gbogbo ẹbí. Ìgbà yẹn ni mo wá rántí ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp yẹn.

Ní oṣù Kìíní ọdún yìí, ọlọ́kadà kan rọ́ lu iná iwájú mi lápá òsì. Gíláàsì rẹ̀ fọ́, ìkọ́ méjèèjì tó dì í mú já. Mo rò pé bí mo ṣe ra ṣọ́ọ̀kì ni mo ṣe máa ra iná, mo lọ bèèrè ti Matrix. Kò wọ̀ ọ́. Ẹ́ńjìnnì, jíà, ṣọ́ọ̀kì, gbogbo abẹ́ rẹ̀ jọra, ṣùgbọ́n ojú ò jọra: iná, bọ́ǹpà, bọ́nẹ́ẹ̀tì, gbogbo ìyẹn, Vibe ló ni tiẹ̀. Wọn ò sì ṣe Vibe mọ́ láti 2009. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá iná yẹn káàkiri. Mo da owó padà fún àwọn tí mo ti gba òde alẹ́ wọn, torí n kò lè fi iná ẹyọ kan rin ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìsẹ́yìn lóru pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ nínú ọkọ̀. Níkẹyìn, ara ọkọ̀ kan tó ti di àlòkù-pátì ni wọ́n ti tú u, ojú ẹ̀ ti pọ́n bí epo, owó tí mo san lé e sì ju ti ṣọ́ọ̀kì méjèèjì lọ. Ẹni tó tà á fún mi kò rẹ́ mi jẹ. Òun náà ò ní méjì.

Nọ́ọ̀sì ni àbúrò mi. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ó sì ti ń ṣe ìdánwò àtilọ sí ìlú Ọba. Bí ìwé rẹ̀ bá jáde lónìí, ó máa fẹ́ ta ohun gbogbo láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó alájẹṣẹ́kù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Èmi kò ní ta tèmi, mo lè bá ọjà jà títí. Òun ńkọ́? Ní oṣù tó kọjá, mo bèèrè lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ọkọ̀ pé èló ló lè ra tèmi, kí n kàn mọ̀ ni. Ó yí i ká, ó yìn ín, ó ní ọkọ̀ tí wọ́n tọ́jú nìyí. Ó wá ní, "Ká ní Matrix ni, mọ́mì."

Àbúrò mi pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ tiyín ni mo fẹ́ gbọ́, ẹ má dá àwọn yòókù lóhùn. Ṣé kí n san owó náà?" Ẹni tó fẹ́ tà á ti sọ fún un pé àwọn méjì mìíràn ń bọ̀ wá wò ó lọ́la.

Mo ní kó kọ́kọ́ padà lọ ya fọ́tò iná iwájú méjèèjì fún mi, kó sún mọ́ ọn dáadáa, kí n lè rí ìkọ́ wọn.